Ilé Itọ́

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Amọ̀ ni a fi ń mọlé. Itọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ́ tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi owó sórí ilé kó sì lérè, tó wá ń wáṣẹ́ kiri láti Ìlúpéjú dé Yábàá, ilẹ̀ títà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́: kò sí owó oṣù, kòmíṣọ́ọ̀nù nìkan. Ọ̀pọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ òwò ilé. Èmi kò gbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ẹni tó ń tà ń kọ́. Ọjọ́ tó gba ìdá tirẹ̀ ló bá ilé náà parí, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni wàhálà ẹni tó rà á ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Àbójútó ilé yàtọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń ran kíátékà lọ́wọ́, tàbí tó ń kọ ìwé owó ilé ní ọ́fíìsì estate surveyor, ló ń rí inú òwò náà. Ká ní owó ilé kan jẹ́ ₦600,000 lọ́dún. Bó bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, ₦150,000 ti lọ, a ò tíì tún òrùlé ṣe, a ò tíì kó sọ́kàwéè. Ọmọ iṣẹ́ náà yóò tún mọ̀ pé lábẹ́ òfin ayálégbé Èkó ti 2011, bí àdéhùn kò bá sọ òmíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé kúìtì ẹni tó ń san owó ọdọọdún, kí ìwé ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e. Ta ló ń sọ èyí fún oníbàárà nígbà tí wọ́n bá ń ta ilé?

Ẹ má sì jẹ́ ká da iṣẹ́ pọ̀. Sọ́fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ kọ́ ni estate surveyor tó ń bójú tó ilé. Ẹ̀kọ́ àwọn estate surveyor dá dúró, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947.

Ti ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Àwọn èèyàn rò pé C of O ló sọ ilẹ̀ di tẹni títí ayé. Láti 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Iye ọdún ló wà nínú ìwé náà, kì í sábà ju 99 lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ tà á fún ẹlòmíràn yóò gba àṣẹ gómìnà. Ìlúpéjú tiẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Múṣín, tí Ìlúpéjú jẹ́ apá kan rẹ̀, wà títí di 1967, ìdí nìyẹn tí orúkọ Ìbàdàn, olú-ìlú ẹkùn náà, fi wà lára ìwé àtijọ́ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni fáìlì rẹ̀ wà báyìí. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán lọ ṣèwádìí ní iléeṣẹ́ ilẹ̀ ní Aláúsá ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ́ èyí. Amọ̀ tí òwe wa ń wá nìyẹn.

Bí mo bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ ní Coker Road ní Ìlúpéjú lónìí, kí n tó béèrè iye owó oṣù, n óò kọ́kọ́ bi ọ̀gá pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé mélòó lẹ ń bá onílé bójú tó?”