Orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r: Ilẹ̀ Rẹ̀, Àwọn Ènìyàn Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Ìhìn Rere Níbẹ̀

Kí Odò Ọya tó wọ Nàìjíríà, ó ti kọ́kọ́ la Niamey kọjá. Ìlú yìí ni olú ìlú Nìjẹ̀r, aládùúgbò wa lápá àríwá, tó gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, 1960. Ilẹ̀ Nìjẹ̀r fẹ̀ ju ti Nàìjíríà lọ, ṣùgbọ́n aṣálẹ̀ Sàhárà ló gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìhà gúúsù tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù díẹ̀ lọ́dún ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù 25, fún ara wọn mọ́.

Ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá ló ń dá owó míṣọ̀n fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ ìhìn rere tó fìdí múlẹ̀ ní Nìjẹ̀r ni èyí tó ka ìnira àwọn ènìyàn náà sí, tó sì bá wọn gbé pẹ́.

Àwọn Haúsá ju ìdajì ará ìlú lọ. Àwọn Zarma àti Songhai wà ní ìwọ̀ oòrùn, Kanuri ní ìlà oòrùn, Tuareg ní agbègbè Agadez, Fúlàní sì ń da ẹran káàkiri. Àwọn ọba Haúsá tí ogun jíhàdì Usman dan Fodio lé kúrò ní Katsina ló sọ Maradi ní Nìjẹ̀r di ìlú ńlá, ará Maradi àti ará Katsina sì jọ ń sọ èdè kan náà títí dòní. Bíbélì Haúsá tó jáde lódindi ní 1932 wúlò ní ìhà méjèèjì ààlà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́ níbẹ̀ púpọ̀: ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n kọ́kọ́ fi amọ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá Agadez. Nínú 100 ènìyàn, ó lé ní 95 tó jẹ́ Mùsùlùmí.

Jéró ni olórí oúnjẹ àwọn ará Nìjẹ̀r. Àwọn obìnrin á gún un lódó, wọ́n á fi ro tuwo, wọ́n á sì fi ṣe fúrá tí wọ́n ń pò mọ́ wàrà fún àwọn tó wà lóko. Tí òjò bá kọ̀, àká á gbẹ. Ìyàn ọdún 1973, ti 1984 àti ti 2005 kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà.

Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SIM, àwọn kan náà tó wàásù nílẹ̀ Yàgbà, wọ Nìjẹ̀r ní àwọn ọdún 1920. Ní 1950, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn sí Galmi, abúlé kan lójú ọ̀nà Birni-N'Konni sí Maradi. Aboyún tí ọmọ há mọ́ nínú àti ọmọdé tí ebi ti sọ di eegun ń ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń ti Nàìjíríà wá. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Danja, nítòsí Maradi, SIM tún ń tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀, àti àwọn obìnrin tí ìrọbí tó pẹ́ sọ di ẹni tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tó yẹ kí gbogbo alátìlẹ́yìn mọ̀. Tony Rinaudo, míṣọ́nnárì SIM láti Ọsirélíà, wá sí Maradi láti gbin igi dí ọ̀nà aṣálẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú igi tí wọ́n gbìn ló kú. Ní 1983, ó bẹ̀rẹ̀ wo ohun tó pè ní igbó lásán létí ọ̀nà, ó sì rí i pé kùkùté igi ńlá tí wọ́n ti bẹ́ ló ń rúwé. Gbòǹgbò wọn ṣì wà láàyè nísàlẹ̀. Ó bẹ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má gé ọ̀mùnú wọ̀nyí kúrò tán mọ́, kí wọ́n yan èyí tó dára, kí wọ́n sì rẹ́ ìyókù. Igi padà sórí ilẹ̀ tí wọ́n fojú bù sí hẹ́kítà mílíọ̀nù 5. Àwọn igi náà ń bo jéró lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, ewé wọn sì ń di oúnjẹ ẹran. Ní 2018, Rinaudo gba ẹ̀bùn Right Livelihood.

Wàhálà kò ṣàì sí. Ní oṣù kìíní 2015, àwọn tó ń bínú sí àwòrán Ànábì tí ìwé ìròyìn Faransé kan gbé jáde dáná sun ó kéré tán ṣọ́ọ̀ṣì 45 ní Niamey. Wọ́n jí Jeffery Woodke, ará Amẹ́ríkà tó ń ran àwọn Tuareg lọ́wọ́, gbé ní 2016. Ó di 2023 kí ó tó gba ìdáǹdè. Àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù keje 2023, àwọn agbébọn sì ń da Tillabéri àti Diffa láàmú.

Nítorí náà, ẹ̀yin alátìlẹ́yìn, kí ẹ tó ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọ tó wà níbẹ̀ ohun tí wọ́n nílò. Ẹ rán nọ́ọ̀sì, dókítà àti àgbẹ̀ pẹ̀lú oníwàásù. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ẹ ó rán kọ́ Haúsá àti Faransé, kí ẹ sì máa gbọ́ bùkátà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí iṣẹ́ ọdún kan kò lè rídìí jókòó ní Nìjẹ̀r.