Ọ̀fìnkìn Ẹyẹ: Pẹ́pẹ́yẹ Ni Kí Ẹ Ṣọ́

Ọ̀fìnkìn ẹyẹ tí fáírọ́ọ̀sì H5N1 ń fà kì í ṣe lùkúlùkú tí àwọn àgbà ti mọ̀ tipẹ́, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọra. Ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà, lóṣù kejì ọdún 2006. Obìnrin kan sì tipa rẹ̀ kú ní Èkó ní 2007. Adìyẹ tó bá kó o yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, ojú àti ogbe rẹ̀ yóò wú, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ méjì. Ti pẹ́pẹ́yẹ gan-an ló ń kọni lóminú: ara rẹ̀ lè dá ṣáṣá, kí fáírọ́ọ̀sì náà sì máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ wọ omi tí adìyẹ ń mu. Ẹ má kó wọn pọ̀ sójú kan. Bí adìyẹ bá sì ń kú lójijì, ẹ má sáré pa èyí tó kù jẹ. Ẹ ké sí dókítà ẹran.