Amọ̀, Iná àti Ìbéèrè Ẹ̀mí lórí Máàsì

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, àgbẹ̀ kan ń lé kannakánná lóko àgbàdo ní Zagami, ní ìpínlẹ̀ Katsina òde òní, nígbà tí òkúta kan já láti ojú ọ̀run, tó sì gbẹ́ ihò sílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Òkúta náà wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 18. Ara Máàsì ló ti ya wá: afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ bá èyí tí ọkọ̀ Viking wọ̀n níbẹ̀ lọ́dún 1976 mu. Bí wọ́n bá ti bèèrè bóyá ẹ̀mí wà lórí Máàsì, Zagami ló máa ń wu àwa ọmọ Nàìjíríà láti nawọ́ sí. Èmi ò fara mọ́ ọn. Amọ̀ ló yẹ ká bi.

Ẹ wo àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù. Kí wọ́n tó mọ ìkòkò, wọ́n á ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú amọ̀, torí gbòǹgbò tó bá ṣẹ́kù, iná á jó o di eérú, àyè rẹ̀ á sì ṣófo. Amọ̀ tútù a máa pa nǹkan mọ́, iná kì í pa á mọ́. Inú iná gan-an ni Zagami ti wá: òkúta yíyọ́ tó dì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 180 ọdún sẹ́yìn ni, nígbà tí adágún Máàsì ti gbẹ tipẹ́tipẹ́. Kí ni yóò rí jẹ́rìí sí?

Àwọn kan á ní omi nìkan ni amọ̀ ń fi hàn. Òótọ́ ni pé omi ni amọ̀ tí ọkọ̀ Curiosity bá ní kòtò Gale lórí Máàsì lọ́dún 2013 kọ́kọ́ fi hàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024, ọkọ̀ Perseverance rí òkúta ẹrẹ̀ kan ní kòtò Jezero níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Cheyava Falls. Kábọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀, àwọn àmì tó-tò-tó sì wà lára rẹ̀ tó ní irin, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti imí-ọjọ́. Láyé níbí, kòkòrò àìfojúrí a máa fa irú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Kẹ́míkà lásán náà sì lè fà á. Ohun tó kó bá onímọ̀ sáyẹ́ǹsì David McKay nìyẹn nígbà tó sọ lọ́dún 1996 pé òun rí àmì ẹ̀mí nínú ALH84001, òkúta mìíràn tó ti Máàsì wá. Síbẹ̀, omi kàn gba ojú ibi tó sán lára ALH84001 kọjá ni, nígbà tó jẹ́ pé inú omi ni Cheyava Falls ti di òkúta.

Lórí Máàsì ni ègé tí Perseverance gé lára Cheyava Falls ṣì wà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú ti ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, kò ní láti dúró dè é. Kí wọ́n bu amọ̀ Ìpetumodù, kí wọ́n pín in sí méjì, kí wọ́n pa gbogbo kòkòrò inú ìdajì kan, kí wọ́n wá wo irú àmì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò yọ.