Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Arọ Méjì ní Bọ́mà

"Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Bí àwọn àgbà Òmù-Èkìtì bá pa òwe yìí, ọgbọ́n ni wọ́n sábà máa ń fà yọ nínú rẹ̀: ẹni tó ti gbọ́ pé nǹkan ń bọ̀ kò ní àwíjàre bí nǹkan náà bá dé bá a nílé. Ìtumọ̀ náà tọ̀nà, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú òwe náà wò. Kí arọ tó gbọ́, ẹnì kan ti ní láti sọ ọ́. Kí arọ tó là, bó ti wù kó gbọ́n tó, ẹnì kan ti ní láti gbé e. Nígbà tí ogun Ìbàdàn àti ogun Núpé ń da ilẹ̀ Èkìtì rú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, orí òkè ni ọ̀pọ̀ ìlú wa sá sí. Ẹni tó bá ti gun òkè wọ̀nyẹn rí mọ̀ pé arọ tó bá débẹ̀, ẹ̀yìn ẹlòmíì ló bá débẹ̀. Lójú tèmi, ọgbọ́n arọ inú òwe yìí kò ju pé ó ti mọ ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n kí ogun tó dé.

Bí ogun bá wá dé láìsí àgbọ́tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Òwe dákẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó lè bá a dáhùn ni ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé kan, nítòsí Ọ̀wọ̀, tó ń jẹ́ Isaac Fadoyebo.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1942, nígbà ogun Hitler. Wọn kò fi í sídìí ìbọn ńlá. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì kó o sínú ẹgbẹ́ ìṣègùn kan tí wọ́n ń pè ní 29 CCS (Casualty Clearing Station). Iṣẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé bí ọta bá ba sójà, tí àwọn agbaláìsàn bá gbé e kúrò lójú ìjà, ọ̀dọ̀ àwọn ni wọn yóò gbé e wá. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti dá ẹ̀jẹ̀ dúró, tí wọn yóò yọ ọta, tí wọn yóò wo ẹni tó lè padà sógun àti ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́yìn. Bí òwe wa bá ń wá ẹni tó ń pọn arọ lójú ogun, àwọn gan-an nìyẹn.

Bọ́mà ni wọ́n kó wọn lọ. Nǹkan bí 90,000 ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà nígbà náà, nínú ẹ̀ka ogun méjì, ìkọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin. Àmì ìkọkànlélọ́gọ́rin ni aláǹtakùn dúdú, Ananse inú àlọ́ àwọn Akan, tí í ṣe Ìjàpá tiwọn. Ẹ̀ka yìí ló wọ àfonífojì odò Kaladan. Ọ̀nà mọ́tò kò sí níbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ la ọ̀nà tó tó máìlì 75 gba orí òkè kọjá; níbi tí ọ̀nà náà tán sí, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló sì ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó ti ru iṣu láti oko dé ọjà mọ ohun tí mò ń sọ, àmọ́ oko wa kò ní ará Jàpáànù, tí wọ́n ń bá jagun, nínú igbó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Jàpáànù ṣígun padà sí wọn nítòsí Kyauktaw. Ìròyìn yìí kò dé etí 29 CCS lásìkò. Orí ọkọ̀ tí wọ́n fi ọparun dì pọ̀ ni wọ́n ń gbà lọ lórí odò, àwọn àti oògùn wọn. Ní ọjọ́ kejì oṣù náà, níbi tí wọ́n ti gúnlẹ̀ sí etí odò, ìbọn ró láti òdìkejì. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ tẹ àwọn kan. Ọta ba Fadoyebo lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Kò lè dìde mọ́. Ẹnìkejì rẹ̀ tó fara gbọta, David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, náà kò lè lọ. Àwọn tó yẹ kó máa gbé arọ ti di arọ, kò sì sí ẹni tó ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ tí yóò gbé wọn.

Àwọn ará abúlé ló ń yọ́ wá fún wọn lóúnjẹ nínú igbó. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman kó àwọn méjèèjì wọ ilé ara rẹ̀, nílé tí aya àti ọmọ rẹ̀ wà. Bí àwọn ará Jàpáànù bá mọ̀, ilé náà ti run. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi sá pamọ́, títí àwọn sójà Gurkha tó ń jà níhà tiwọn fi dé bá wọn ní oṣù Kejìlá 1944. Àlejò tí kò bá a tan, tí kò jọ bá a sọ èdè kan, ni Shuyiman fi ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ wewu fún. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pe èyí ní oríire. Fadoyebo pàápàá pè é bẹ́ẹ̀, torí àkọlé ìwé tó kọ ni A Stroke of Unbelievable Luck, tí Yunifásítì Wisconsin tẹ̀ jáde lọ́dún 1999. Oríire wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oríire kì í dáná fúnni jẹ.

Ẹ wo bí àwọn ẹlòmíì ṣe tọ́jú ìtàn irú ẹgbẹ́ ìṣègùn bẹ́ẹ̀. Ní Kánádà, ilé ìwòsàn ogun tí Yunifásítì McGill dá sílẹ̀ nígbà ogun àgbáyé kìíní ní ìwé ìtàn tirẹ̀ lódindi. Ibẹ̀ ni dókítà John McCrae, akéwì, ti ṣiṣẹ́. 29 CCS kò ní yunifásítì lẹ́yìn. Ìwé ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé yìí ló sọ orúkọ rẹ̀ di mímọ̀. Ní tiwa, orí bárékè la kọ ìtàn ogun Bọ́mà sí: Letmauk n'Íbàdàn, Arakan ní Àpápá, Dodan n'Íkòyí, Dalet àti Kalapanzin ní Kàdúná. Bọ́mà ni orúkọ gbogbo wọn ti wá. Ẹ bi ọmọ Ìbàdàn tó ń wọ ọkọ̀ kọjá ní Mókọ́lá pé kí ni Letmauk, kẹ́ ẹ wá gbọ́ èsì.

Lọ́dún 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà Fadoyebo lọ sí abúlé náà ní Bọ́mà. Shuyiman ti kú, àmọ́ ìdílé rẹ̀ ṣì wà, wọ́n sì gba ìdúpẹ́ náà lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fadoyebo fúnra rẹ̀ kú.

Ẹ̀yin ará Òmù, Ọyẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó, bí bàbá bàbá yín bá lọ sí Bọ́mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ àpótí wọn wò kí ikán tó jẹ ẹ́ tán. Ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lè ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn àti orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá lọ. Ẹ dà á kọ, kẹ́ ẹ sì bi ìyá àgbà ilé ohun tí bàbá sọ nígbà tí wọ́n dé.