Ìjọ Kan, Èdè Méjì: Bassila àti Manigri

Ọdún 1861 ni àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ SMA gúnlẹ̀ sí Ouidah létí òkun; ọ̀nà jìn kí Ìhìnrere tó dé ọ̀dọ̀ wa. Abẹ́ Natitingou ni a wà títí di ọdún 1995, tí a dá Dáyósísì Djougou sílẹ̀ lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Paul Vieira.

Anii ni èdè Bassila, Nàgó ni ti Manigri. Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì ti fàyè gba èdè ìbílẹ̀ nínú Mísà láti ọdún 1963. Bí ìwàásù kò bá yé ìyá àgbà, orí àpáta ni irúgbìn bọ́ sí.

Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa. Ebi kì í béèrè ẹ̀sìn. Ọwọ́ àánú wa kò gbọdọ̀ béèrè rẹ̀. Kí èyí jẹ́ ẹ̀bùn jùbílì wa. Àmín.