Odo, Ọ̀kan, Odo: Ìtàn Ebi, Ààwẹ̀ àti Ara Tó Ń Sanra

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Adégbayì. Ọdún 1988 ni wọ́n yà á. Bàbá mi ló wà nínú rẹ̀. Ṣòkòtò tó wọ̀ tóbi jù ú lọ, ó sì fa bẹ́líìtì rẹ̀ dé ihò tí òun fúnra rẹ̀ fi ìṣó lù. Bí àlejò bá béèrè pé ṣé ó ṣàìsàn nígbà yẹn ni, á rẹ́rìn-ín, á ní: "Àìsàn kọ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí. Odo, ọ̀kan, odo ni mò ń jẹ."

Bàbá mi kì í ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. Láìpẹ́ yìí, dókítà sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, kí wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí ara tó ń sanra. Wọ́n wá gbọ́ lórí rédíò nípa ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní intermittent fasting: kí èèyàn má jẹun fún wákàtí 16, kó wá jẹ gbogbo ohun tó máa jẹ láàárín wákàtí 8 tó kù. Àwọn mìíràn ń jẹun lónìí, wọ́n ń fo oúnjẹ lọ́la. Nígbà tí mo délé fún ìsinmi, bàbá mi pè mí jókòó. Wọ́n ní: "Ìwọ tó ń ka ìtàn, bá mi wò ó. Ṣé òótọ́ ni pé odo-ọ̀kan-odo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá nígbà yẹn ti di oògùn?"

Mi ò rí èsì fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni èsì mi, mo sì rò pé yóò wúlò fún ẹ̀yin náà, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ní họ́sítẹ́lì ló ti ń dán ààwẹ̀ oníwákàtí yìí wò.

Ààwẹ̀ tiwa kò mọ òṣùwọ̀n

Ààwẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa. Láti nǹkan bí ọdún 1829 tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀dó sí Ìbàdàn, àwọn Mùsùlùmí ti wà láàárín wọn. Oṣù Ràmàdáánì kọ́ wa ní sààrì àti ìṣínu. Orin wéré tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ káàkiri àdúgbò lóru láti jí àwọn aláàwẹ̀ dìde fún sààrì ni Síkírù Àyìndé Barrister àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di fújì. Àwa tí à ń jó fújì lóde ìnáwó, orin ààwẹ̀ là ń jó.

Àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi náà ní tiwọn. Nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀nà tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìsọjí ní Òkè-Ooye ní Iléṣà lóṣù Keje ọdún 1930, ààwẹ̀ àti àdúrà ni àwọn Aládùúrà fi ń jagun. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í bẹ̀rẹ̀ ọdún láìgba ààwẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kò sí èyí tó gbààwẹ̀ kó lè fọn nínú wọn. Nínú èdè wa gan-an, rírù kì í ṣe ìyìn. Bí a bá ní "lágbájá ti rù", ohun tó tẹ̀ lé e ni "kí ló ń ṣe é?" Bí èèyàn bá sì sanra díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n á ní ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Bàbá bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Bí wọ́n bá jí lọ sóko, iṣu sísun díẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ohun tí wọ́n á jẹ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọn kò pè é ní ààwẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá sanra ni wọ́n gbà pé Ọlọ́run ti bù kún.

Ìgbà tí oúnjẹ wà, àti bó ṣe lọ

Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948, oúnjẹ wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹun nínú gbọ̀ngàn, àwọn àgbà tó kàwé nígbà náà kò sì tíì gbàgbé adìyẹ ọjọ́ Sunday. Ìgbádùn yìí kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1971, ìfẹ̀hónúhàn lórí ètò oúnjẹ ní Nnamdi Azikiwe Hall ní Yunifásítì Ìbàdàn di ohun tí wọ́n pe ọlọ́pàá sí. Ìbọn ọlọ́pàá pa Adékúnlé Adépéjù. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn títí dòní.

Lóṣù Kẹrin ọdún 1978, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ fi 50 kọ́bọ̀ kún owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ kan, láti ₦1.50 sí ₦2. Ahmadu Ali ni kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ìfẹ̀hónúhàn náà ní "Ali Must Go". Wọ́n pa Akíntúndé Òjó ní Yunifásítì Èkó, wọ́n pa àwọn mìíràn ní Zaria, ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún 1984, ìjọba Bùhárí mú ọwọ́ ìjọba kúrò nínú oúnjẹ yunifásítì pátápátá. Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fúnra rẹ̀, tàbí kó lọ sí búkà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni SAP dé lọ́dún 1986, lábẹ́ Babangida. Náírà já wálẹ̀, owó gàrí gòkè. Àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà yẹn ni ìṣirò tí gbogbo wa mọ̀ ti jáde. Nọ́ńbà mẹ́ta ni: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ẹni tó bá wà lórí 1-0-1 ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó bá wà lórí 0-1-0, ọ̀sán nìkan ni tirẹ̀, bó bá sì mu gàrí lóru, àṣírí òun àti Ọlọ́run ni. Nígbà tí rògbòdìyàn SAP bẹ́ sílẹ̀ lóṣù Karùn-ún ọdún 1989, àwọn tí inú wọn ti ń han gooro ló kọ́kọ́ jáde sí títì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ló rí i. Ní Gánà lọ́dún 1983, ọ̀dá dá, iná jó oko káàkiri, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà ń padà délé lẹ́yìn tí ìjọba Ṣàgàrí lé wọn kúrò ní Nàìjíríà. Ebi pa wọ́n débi pé egungun ọrùn èèyàn yọ síta. Àwọn ará Gánà wá sọ egungun náà ní "Rawlings chain", bí ẹni pé ẹ̀gbà ọrùn tí olórí ìjọba wọn fi ta wọ́n lọ́rẹ ni.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá àìjẹun ń mú èèyàn fọn, fọ́tò bàbá mi ti dáhùn. Ìbéèrè tó ṣòro ni pé: ṣé aago ló mú wọn fọn, àbí àìsí oúnjẹ?

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Àwọn dókítà ti ń wádìí èyí tipẹ́. Ọkùnrin ará Scotland kan, Angus Barbieri, lọ bá àwọn dókítà ní Dundee lọ́dún 1965, ó wọn kílò 207. Ó gbààwẹ̀ fún ọjọ́ 382. Omi, tíì, kọfí àti oògùn fítámì nìkan ló fi ń gbé ara, àwọn dókítà sì ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Ó já sí kílò 82. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kílò 89 péré ló wà. Ìtàn ìyanu ni, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dán an wò: àwọn mìíràn tí wọ́n fi irú ààwẹ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú láyé ìgbà náà kú.

Èyí tó gbòde báyìí fẹ́rẹ̀ díẹ̀. Ètò tẹlifíṣàn tí Michael Mosley ṣe lórí BBC lọ́dún 2012 ló sọ ọ́ di ariwo: jẹun bó ṣe yẹ fún ọjọ́ márùn-ún, dín in kù gan-an fún ọjọ́ méjì. Àwọn onímọ̀ wá gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ní Chicago, wọ́n kó èèyàn 100 jọ fún ọdún kan, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Apá kan ń fo oúnjẹ lọ́jọ́ kan kí wọ́n tó jẹun lọ́jọ́ kejì, apá kejì kàn ń dín oúnjẹ ojoojúmọ́ kù. Àwọn ti àkọ́kọ́ pàdánù ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo wọn, àwọn ti ìkejì pàdánù ìdá 5.3. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan. Àwọn aláàwẹ̀ tó sì sá kúrò lójú ọ̀nà ló pọ̀ jù: 38 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti àwọn tó kàn ń dín oúnjẹ kù jẹ́ 29.

Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ San Francisco sọ fún apá kan nínú èèyàn 116 pé kí wọ́n máa jẹun láti agogo méjìlá ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́ nìkan, láìsọ iye tí wọ́n máa jẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, wọn kò fọn ju àwọn tó ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ lọ lọ́nà tó ṣeé tọ́ka sí. Ní Guangzhou ní Ṣáínà, èsì ọdún 2022 fi hàn pé àwọn tó dín oúnjẹ kù tí wọ́n tún pa wákàtí mọ́ fi kílò 8 sílẹ̀ lọ́dún kan. Àwọn tó dín oúnjẹ kù láìka wákàtí fi kílò 6.3 sílẹ̀. Lójú ìṣirò, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ràmàdáánì pàápàá jẹ́rìí sí i. Àwọn tó ti wọn aláàwẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn oṣù náà rí i pé èèyàn sábà máa ń fi bíi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá mọ bí àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹran díndín àti mínírà ṣe ń tò sórí tábìlì nígbà ìṣínu àti lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ kò ní béèrè ibi tí kílò náà gbà padà.

Ìgbò-Ọrà àti Chicago

Ẹ̀rí kan tún wà tó sún mọ́ wa jù gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Láti àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Loyola ní Chicago ti jọ ń ṣèwádìí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn tó ní ìran ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1997 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 16 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́dọ̀ tiwa, 26 ní erékùṣù Kàríbíànì, 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni, ara ló wúwo síi bí ọ̀nà ṣe ń jìn.

Wọ́n tún fi àwọn obìnrin Ìgbò-Ọrà wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Chicago. Ti Ìgbò-Ọrà wọn bíi kílò 58, ti Chicago wọn bíi 83. Gbogbo èèyàn ló rò pé iṣẹ́ oko àti omi pípọn ló fa ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n wọn agbára tí ara wọn ń lò lójúmọ́, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Ojú oúnjẹ ni àwọn onímọ̀ náà wá yíjú sí: àwọn ará Ìgbò-Ọrà ń jẹ oúnjẹ oko tí ọ̀rá rẹ̀ kéré, àwọn ti Chicago ń jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́ tó kún fún ọ̀rá. Kò sẹ́ni tó gbé aago lé àwọn obìnrin Ìgbò-Ọrà lọ́wọ́.

Èsì tí mo fún bàbá mi

Mo sọ ọ́ fún wọn báyìí: ààwẹ̀ oníwákàtí máa ń mú ara fúyẹ́ bó bá dín àpapọ̀ oúnjẹ tí èèyàn ń jẹ kù. Bí kò bá dín in kù, aago lásán ni. Ẹni tó bá rọrùn fún láti fo oúnjẹ àárọ̀ ju kó máa ṣírò ṣíbí ìrẹsì lọ lè lò ó. Ẹni tó bá máa ti ìdí rẹ̀ jẹ ẹ̀bà ẹni méjì lálẹ́, kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, aboyún, abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn, àti ẹni tí àìjẹun ti di àìsàn fún tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ pé àìsí owó ló ń mú yín fo oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ òyìnbó bo ebi yín mọ́lẹ̀. Àwọn tó ṣáájú wa kú nítorí oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́. Kò yẹ kí àwa máa pe àìrí jẹ ní ìlera.

Bàbá mi gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n wo fọ́tò ara ògiri, wọ́n ní: "Nígbà yẹn, mi ò yan án. Bí owó ṣe wọlé lẹ́yìn tí mo ríṣẹ́, mo jẹ gbogbo ohun tí mo ti pàdánù, mo tún jẹ èlé rẹ̀." Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ju gbogbo àlàyé mi lọ. Ara tí ebi bá fọn kì í gbàgbé ebi.

Wọ́n ti padà lọ rí dókítà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò yí padà. Wọ́n fi mínírà sílẹ̀, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ alẹ́ kí agogo méje tó lù, àmàlà kékeré pẹ̀lú ewédú tó pọ̀. Láàárọ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn dé ojú títì Ifẹ̀ àtijọ́, wọ́n sì ń padà. Wọ́n ṣì ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀. Wọ́n ní odo ti tó àwọn ní yunifásítì.