Táyà Tó Jò Lójú Pópó: Ìtàn Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ àti Ẹ̀kọ́ Tó Ju Jáàkì Lọ

Nígbà tí táyà ọkọ̀ bá jò lójú títì, jáàkì àti sípánà ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ awakọ̀. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ṣí bùútù, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí ọkọ̀ náà dúró sí gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn wọn ni tírélà ń gbà kọjá. Ẹ̀mí ti ṣòfò báyìí, kì í ṣe nítorí táyà tó jò, bí kò ṣe nítorí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìtàn táyà fi hàn pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọmọ aráyé ti ń wá bí iṣẹ́ yìí yóò ṣe yá. Bí kò ṣe ní pa ẹni tó ń ṣe é, ẹ̀kọ́ mìíràn ni ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí rọ́bà. Lọ́dún 1839, Charles Goodyear, ọmọ Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, tí a sì fi iná sí i, kò ní yọ́ nínú oòrùn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní gan nínú òtútù. Orúkọ Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni wọ́n fi pe ọgbọ́n náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Láti ara orúkọ yìí ni a ti rí fọgánáísà tí gbogbo ènìyàn ń pe àwọn tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ilẹ̀ tí awakọ̀ ti ń fi orúkọ Ògún bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò, orúkọ òrìṣà alágbẹ̀dẹ mìíràn ni ẹni tó ń lẹ táyà ń jẹ́.

Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Robert William Thomson, ló kọ́kọ́ gba ìwé-àṣẹ ìjọba lórí táyà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú, lọ́dún 1845. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló ní lọ́kàn, torí kò tíì sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọgbọ́n náà kò sì tàn kálẹ̀. Ní 1887, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko nílùú Belfast, fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà, ó sì wé e mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta ọmọ rẹ̀, kí ara má baà máa ro ó. Ó gba ìwé-àṣẹ tirẹ̀ ní 1888, àmọ́ wọ́n padà fagi lé e nítorí pé Thomson ti ṣíwájú rẹ̀.

Táyà afẹ́fẹ́ mú ìrìn rọrùn, ṣùgbọ́n owó ẹ̀jẹ̀ ni àwọn kan san fún ìrọ̀rùn náà. Bí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń wá rọ́bà kiri, àwọn ọmọ ogun àti aṣojú Ọba Leopold Kejì ti ilẹ̀ Belgium ń fi pàṣán, ìbọn àti ọwọ́ gígé fipá mú àwọn ará Congo kó rọ́bà wá láti inú igbó. Nílẹ̀ Yorùbá, òwò ló fà á, kì í ṣe irú ìpayà yẹn, ṣùgbọ́n igbó ló jìyà. Igi ìrẹ́ ni wọ́n ń kọ lára fún oje rẹ̀. Lọ́dún 1895, rọ́bà tó lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ni wọ́n kó gba èbúté Èkó lọ sókè òkun. Ìkọkúkọ pa àwọn igi náà, nígbà tí ọ̀rúndún náà sì fi máa parí, òwò ọ̀hún ti wó.

Ní ọdún 1895 yìí kan náà, àwọn ará Faransé méjì, André àti Édouard Michelin, fi táyà afẹ́fẹ́ sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọ́n sì gbé e wọ ìdíje láti Paris sí Bordeaux àti padà sí Paris. Táyà náà ń jò lemọ́lemọ́, wọn kò sì gba ipò kankan, ṣùgbọ́n gbogbo ayé rí i pé ọkọ̀ lè fi afẹ́fẹ́ rìn. Láyé ìgbà náà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í ṣe é yọ bó ṣe ń yọ lónìí. Bí táyà bá jò, awakọ̀ ní láti fi irin tú rọ́bà kúrò lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ níbi tó wà, kó fa túùbù jáde, kó lẹ̀ ẹ́, kó dá a padà, kó sì fi ọwọ́ fẹ́ ẹ títí yóò fi le.

Lọ́dún 1904, nílùú Llanelli ní ilẹ̀ Wales, Walter Davies àti Tom Davies ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ àfikún tó ti ní táyà lílè lára, tí awakọ̀ lè dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó jò, kó sì máa lọ. Wọ́n fi orúkọ òpópónà wọn, Stepney, pè é. Títí di òní, Stepney ni wọ́n ń pe táyà sípíà nílẹ̀ Índíà. Ní 1906, nínú ìdíje ńlá tó wáyé nílùú Le Mans, Ferenc Szisz gba ipò kìn-ín-ní nínú ọkọ̀ Renault. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ṣe é tú pẹ̀lú táyà tí wọ́n ti fẹ́ sílẹ̀, nítorí náà, nígbà tí àwọn mìíràn ń fi ọ̀bẹ gé rọ́bà kúrò, òun ti wà lójú ọ̀nà.

Àárín ìgbà yìí náà ni wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Nígbà tí bọ́lẹ̀kájà gba ìlú, ọgbọ́n pípààrọ̀ táyà di iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Òun ló ń gbé ìtì igi kékeré lọ́wọ́, tí yóò bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán, láti fi há ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó má baà yí padà. Bí ọkọ̀ bá dákú, òun náà ni yóò já ẹ̀ka igi eléwé, tí yóò sì tò ó sójú ọ̀nà lọ́ọ̀ọ́kán. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìtumọ̀ ewé yẹn. Bí ààlè lára igi eléso ti ń sọ pé olóhun wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ewé lójú títì ń sọ pé ewu wà níwájú.

Lẹ́yìn òmìnira, ilé-iṣẹ́ Dunlop ń ṣe táyà n'Íkejà, Michelin ń ṣe tirẹ̀ ní Port Harcourt. Michelin pa ilé-iṣẹ́ rẹ̀ dé ní 2007, Dunlop dá iṣẹ́ táyà dúró ní 2008. Láti ìgbà náà, táyà òkèèrè ni orílẹ̀-èdè yìí ń gùn, àwọn aláìlówó sì ń ra tòkunbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fàyè gba kíkó o wọlé. Nǹkan mìíràn tún yí padà. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, mú kí eré ọkọ̀ pọ̀ ju ohun tí ewé lè dá dúró. Awakọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń kọjá mítà 27 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Kó tó mọ̀ pé ewé ni òun rí, ó ti dé ìdí ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ikú ojú pópó ló mú kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, tí ìjọba àpapọ̀ sì dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àmì onígun-mẹ́ta tó ń tàn yanran, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní C-caution, ló wá gba ipò ewé.

Nínú gbogbo ìtàn yìí ni ìlànà tó tọ́ ti jáde, ibi ìdúró ló sì ṣáájú irinṣẹ́. Táyà tó ti jò ṣe é wà díẹ̀díẹ̀ dé ibi tó tẹ́jú, tó sì le, tó jìnnà sí eré ọkọ̀. Bí rọ́bà náà tilẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà, rírà ni yóò gbà, ẹ̀mí kò sì ṣe é rà. Awakọ̀ á tan iná ìkìlọ̀, á fa bíréèkì ọwọ́, èrò inú ọkọ̀ á bọ́ síhà ibi tí ọkọ̀ kì í gbà, wọ́n á sì kúrò nítòsí. Lẹ́yìn náà ni àmì ìkìlọ̀ á lọ sẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kéré tán, mítà 45 ni ìwé òfin ìrìnnà sọ, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e kalẹ̀ lójú títì márosẹ̀, nítorí ẹni tó ń rìn lọ gbé e lè bá a lọ.

Ibi tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń fi igi há ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀: òkúta tàbí igi á há ẹsẹ̀ tó dojú kọ èyí tó jò ní ìkọ̀rọ̀ kejì. Ìgbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀ ni wọ́n ń dẹ nọ́ọ̀tì, torí agbára tí wọ́n fi ń tú u lè bi ọkọ̀ ṣubú lórí jáàkì. Ẹnikẹ́ni kì í ki ara bọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Nígbà tí wọ́n bá ń dè é padà, nọ́ọ̀tì tó kọjú síra ni wọ́n ń mú ní méjì-méjì, kí irin náà lè jókòó dáadáa. Bí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún un fún gírígírí. Bí kò bá sì sí ibi ìdúró kankan tó láàbò, a kì í pààrọ̀ táyà náà rárá. Ìrànlọ́wọ́ ni à ń pè.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun kò gbé táyà sípíà mọ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ sì gbé èyí tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń gbé ìtì igi ti dàgbà, kò sì fi iṣẹ́ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwọn tó ti lọ lẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ti kọ́ àwọn tó kù pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí awakọ̀ fi wá ibi ìdúró tó dára kì í ṣe àkókò tó ṣòfò.